Ojú Mímọ́ Yàtọ̀ sí Ojú Bíbó

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, dúró níwájú dígí, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Màámi, kí ni mo lè fi fọ ojú mi kó lè mọ́ bíi ti àǹtí wa?" Olùkọ́ rẹ̀ ló ń wí. Mo rò pé ìdọ̀tí ló ń sọ, mo sì fẹ́ ní kó lọ bu omi. Ìgbà tí mo wo bó ṣe ń fi ọwọ́ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni ó tó yé mi pé pípupa ló ń pè ní mímọ́. Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn, nítorí pé èmi náà ti pè é bẹ́ẹ̀ rí, mo sì fi owó ra ohun tí mo rí níbẹ̀.

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, ní Òkè-Ògùn. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣeré. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ á máa ti apá aṣálẹ̀ fẹ́ eruku bọ̀, ètè á bó, gìgísẹ̀ á là, ojú ọmọdé á funfun bí ẹni tó fi eérú pa á. Ọ̀pẹ kò pọ̀ ní ọ̀dàn wa bíi ti apá ìsàlẹ̀, àgbọn kò sì wọ́pọ̀. Igi òrí ni Ọlọ́run fi jíǹkí wa. Inú oko àti inú ìgbẹ́ ló ti ń dá hù, àgbẹ̀ tó mọ iyì rẹ̀ kì í sì í gé e bó bá ń ṣán oko. Ó lè gbà tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó so dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ-ọmọ ẹni tó dá a sí á máa ṣa èso rẹ̀.

Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, ń ṣe òrí. Bí òjò bá ti dé, àwa ọmọdé á bá wọn lọ ṣa èso rẹ̀ nílẹ̀ ní ìdájí. A á jẹ ara rẹ̀ tó dùn, a á sì kó kóró rẹ̀ jọ fún wọn. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sí oòrùn, wọ́n á pa èèpo rẹ̀, wọ́n á yan án, wọ́n á sì gbé e lọ sí ẹ̀rọ kó lè kúnná. Ìgbà náà ni iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á da omi sí i, wọ́n á máa fi ọwọ́ pò ó títí apá á fi máa ro wọ́n, títí ọ̀rá rẹ̀ á fi léfòó, tí á sì funfun bí ìfófòó ọṣẹ. Wọ́n á kó o kúrò lójú omi, wọ́n á sè é títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì gbé e sílẹ̀ kó dì.

Òrí yìí kan náà ni wọ́n fi ń nu ojú. Ìyá àgbà fẹ́ràn tìróò àti àtíkè bí wọ́n bá ń lọ sí òde ìnáwó. Bí wọ́n bá dé lálẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ fọ ọwọ́ wọn. Wọ́n á mú òrí tó tó hóró ẹ̀pà méjì, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí á fi yọ́, wọ́n á wá fi pa ojú, láti àgbọ̀n lọ sókè, wọ́wọ́, láì tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á pa ojú dé, wọ́n á fi díẹ̀ ra ìpéǹpéjú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á rẹ aṣọ funfun tó rọ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n á fún un, wọ́n á gbé e lé ojú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á sì fi nù ún. Tìróò, àtíkè, eruku, gbogbo rẹ̀ á bá aṣọ lọ. Wọ́n á ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á sì fọ aṣọ náà pẹ̀lú ọṣẹ kí wọ́n tó sùn.

Mo bi wọ́n léèrè rí pé, "Ìyá, ṣé ẹ ò ní fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ni?"

Wọ́n ní, "Àbẹ̀ní, epo ló ń gbọ́ èdè epo. Bí epo pupa bá ta sí ọ lọ́wọ́, ṣé omi lásán ń mú un kúrò?"

Nílé ẹ̀kọ́ gíga ni mo tó mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Awọ ara ń sun ọ̀rá tirẹ̀, ọ̀rá yìí ni eruku àti àtíkè ń lẹ̀ mọ́. Omi kò lè yọ́ ọ̀rá, ṣùgbọ́n ọ̀rá ń yọ́ ọ̀rá. Ọṣẹ náà lè mú un kúrò, àmọ́ eérú ló wà ní ìdí ọṣẹ dúdú, agbára rẹ̀ sì le, nígbà tí awọ ojú fẹ́ kí nǹkan kan díẹ̀. Bí a bá ń fi ọṣẹ bó ọ̀rá rẹ̀ kúrò láàárọ̀ àti lálẹ́ nínú ọyẹ́, ojú á gbẹ, á sì máa yún. Ìyá àgbà ń fi ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn wẹ ara, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kó kan ojú bí ọyẹ́ bá ti mú.

Àwọn nìkan kọ́ ló mọ èyí. Nígbà tí Ibn Battuta, ọmọ ilẹ̀ Mòrókò, rin ìrìn-àjò gba ilẹ̀ Mali kọjá ní ọdún 1352, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń yọ epo nínú kóró èso igi kan, wọ́n fi ń se oúnjẹ, wọ́n fi ń tan fìtílà, wọ́n sì fi ń para. Àwọn onímọ̀ gbà pé igi òrí ni.

Àmọ́ nígbà tí mo dé Ìbàdàn láti kàwé, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Òrí ní òórùn tirẹ̀, àwọn tí a jọ wà nínú yàrá sì ń béèrè pé ta ló ń yan nǹkan. Mo gbé igbá òrí tí Ìyá fún mi pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń po krímù fúnra wọn. Ẹni tó ń tà á sọ pé kì í ṣe pé yóò bó mi, pé yóò kàn "fọ ojú mi mọ́" ni. Kò sí orúkọ kankan lára ike náà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn ènìyàn ń yìn mí. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, n kò lè dúró nínú oòrùn, n kò lè súnmọ́ iná. Oríkèé ìka mi dúdú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi pọ́n, ó sì yọ àbàwọ́n. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ní kí n gbé ike krímù náà wá. Ó ṣàlàyé pé irú krímù bẹ́ẹ̀ lè ní háídírókuínóònù, ògidì stẹ́rọ́ìdì tàbí mákúrì nínú, pé mákúrì a máa ba kíndìnrín jẹ́, pé stẹ́rọ́ìdì a máa sọ awọ ara di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ohun tí mo ń fi fọ ojú kò mú ìdọ̀tí kankan kúrò. Awọ mi gan-an ló ń mú kúrò.

Ní ọdún yẹn, mo lọ sílé fún ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi àtíkè bo ojú mi nípọn kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Lálẹ́, Ìyá àgbà ní kí n jókòó síwájú àwọn. Wọ́n yọ́ òrí sọ́wọ́ wọn, wọ́n fi pa ojú mi bí wọ́n ṣe ń pa tiwọn, wọ́n sì fi aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún. Bí àtíkè ṣe ń lọ ni ojú mi ń jáde. Ọwọ́ wọn dúró.

"Àbẹ̀ní, ta ló ṣe ọ́ báyìí?"

Mo ní, "Èmi ni, Ìyá."

Wọn ò bá mi wí. Wọ́n fọ aṣọ náà, wọ́n tún nu ojú mi lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n wá sọ pé, "A ń nu ojú kí a lè rí i ni. Ìwọ nu tìrẹ nù."

N kò ní parọ́ pé òrí wò mí sàn. Òògùn tí dókítà kọ fún mi, ìbòjì, àti sùúrù tó ju ọdún kan lọ ló ṣe é, àbàwọ́n kan ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì títí dòní. Ohun tí òrí ṣe ni pé kò jẹ́ kí ojú mi gbẹ, kò sì ta mí nígbà tí ọṣẹ ń ta mí. Gbogbo ojú kọ́ ló sì gba epo. Àbúrò mi ọkùnrin tí irorẹ́ ń yọ fi epo àgbọn nu ojú, irorẹ́ náà sì pọ̀ sí i. Ó ní láti fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, kó kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá fún ọjọ́ mélòó kan. Kó má lo òrí tó ti ń rùn kíkan, kó má sì lo aṣọ tó dọ̀tí. Bí egbò bá wà lójú, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ.

Nǹkan kan wà tó ń yà mí lẹ́nu. Òrí tí mo fi pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ń wá kiri fún ìpara ojú, ìpara ètè àti ṣokoléètì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí ẹnikẹ́ni má kó kóró òrí lásán jáde ní Nàìjíríà fún oṣù mẹ́fà, kí a lè máa sọ ọ́ di òrí nílé. A ń kó kóró wa lọ, a sì ń fi owó ra ike tí kò ní orúkọ.

Nígbà tí ọmọ mi béèrè ìbéèrè rẹ̀, Ìyá àgbà ti lọ, ṣùgbọ́n igbá wọn wà lọ́wọ́ mi. Mo ní kí ọmọ náà jókòó. Mo yọ́ òrí sọ́wọ́, mo pa á lójú, mo sì fi aṣọ funfun nù ún. Eruku ọyẹ́ hàn lára aṣọ náà, ó pọ́n bí ilẹ̀ Ṣakí. Mo na aṣọ náà sí i, mo ní, "Ìdọ̀tí rèé. Ojú rẹ ló kù yẹn. Ó ti mọ́."

Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ó ní, "Àǹtí wa ńkọ́?"

Mo sọ fún un pé n kò mọ̀ bóyá bí wọ́n ṣe bí àǹtí rẹ̀ nìyẹn, pé kò sí ohun tó burú nínú pípupa tí Ọlọ́run fún ènìyàn. Mo wá mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé àbàwọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi òsì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọ̀hún fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé wa rí.