Ariwo Kò Lè Dá Rìn

Àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìró èdè mọ̀ pé afẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀dọ̀fóró la fi ń pe ìró Yorùbá. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò lẹ́nu, afẹ́fẹ́ náà ni yóò gbé e dé etí. Bí kò bá sí ohunkóhun láàárín ẹnu àti etí, ọ̀rọ̀ kò ní dé ibì kankan.

Ọdún 2020 ni èyí yé mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, ìbúgbàmù ńlá ṣẹlẹ̀ ní Abúlé Àdó, níbi tí páìpù epo gbà kọjá. Ilé wa ní Ijẹgun-Ẹ̀gbá la wà. A ò rí iná náà, ṣùgbọ́n gíláàsì fèrèsé gbọ̀n, ilẹ̀kùn sì gbá mọ́ ògiri. Màmá mi rò pé àwọn táńkì epo àdúgbò wa ló gbiná, wọ́n ní ká sáré jáde. Ó lé ní 20 èèyàn tó kú ní Abúlé Àdó lọ́jọ́ náà.

Báwo ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún ṣe mi fèrèsé wa? Kì í ṣe afẹ́fẹ́ Abúlé Àdó ló rìn wá sílé wa. Ìbúgbàmù náà ti afẹ́fẹ́ tó yí i ká, ìyẹn ti èyí tó wà níwájú rẹ̀, títí ó fi kàn wá. Bí èrò inú dánfó ṣe ń gba owó ọkọ̀ láti ẹ̀yìn fún ara wọn nìyẹn: kò sẹ́ni tó dìde lórí ìjókòó, owó sì dé ọwọ́ ẹni tó ń gbà á lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nínú afẹ́fẹ́, ìró ń lọ tó nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú omi, ó tó nǹkan bí 1,500. Nínú irin, ó tó nǹkan bí 5,000, torí pé àwọn ègé inú irin di ara wọn mú ṣinṣin.

Bí dánfó bá wá ṣófo ńkọ́? Ta ni yóò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn? Ní ọdún 1660, Robert Boyle kọ ọ́ sínú ìwé pé òun so aago kan sínú ìgò, òun sì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ìró aago náà ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí etí kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ojú sánmà lókè afẹ́fẹ́ tó bo ayé ṣe rí. Àwọn ègé tó wà níbẹ̀ jìnnà sí ara wọn débi pé èyí tí a bá tì kò rí èkejì tì. Àbúrò mi bi mí nígbà kan pé bí oòrùn bá ń jó tó báyìí, kí ló dé tí a kì í gbọ́ ariwo rẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù 150 kìlómítà ló wà láàárín àwa àti oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 8, nítorí ìmọ́lẹ̀ kò nílò èrò tí yóò gbà á. Ariwo ló nílò rẹ̀.

Ìgbì rédíò náà kò nílò èrò. Sátẹ́láìtì NigComSat-1R, tí wọ́n gbé lọ sókè láti Ṣáínà ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, wà ní nǹkan bí kìlómítà 36,000 lókè wa. Bí ohùn èèyàn bá máa gba irú ibẹ̀ kọjá, wọ́n á kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìgbì rédíò nílẹ̀. Nígbà tó bá padà dé inú pálọ̀, tí spíkà ti afẹ́fẹ́, ìgbà yẹn ló tó tún di ohùn.

Nínú ìwé wa, a máa ń ya àwòrán ẹnu àti ahọ́n, nígbà mìíràn a ó ya etí. Àárín wọn la máa ń fi sílẹ̀ ní funfun. Ibi funfun yẹn kò ṣófo. Òun ló gbé ariwo Abúlé Àdó wá bá wa, òun náà ló ń gbé ohùn màmá mi wá láti kíṣìnì.