Ẹṣin Tó Kán Lẹ́sẹ̀ àti Ìpinnu Ẹni Tó Ni Ín

Ajá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kán lè máa fi mẹ́ta tó kù tiro kiri títí yóò fi san. Ti ẹṣin kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹṣin eré ìje máa ń wọn nǹkan bí 450 sí 500 kílógíráàmù, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin ló sì ń gbé gbogbo rẹ̀. Láti orúnkún dé pátákò, kò sẹ́ran níbẹ̀: awọ, iṣan àti egungun ni, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ojú ọgbẹ́ kì í tètè jinná. A kò lè dá ẹṣin dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí ìwúwo ara rẹ̀ yóò máa tẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bó bá sì dúró, ẹsẹ̀ tó kù ni yóò ru ẹrù èyí tó kán, pátákò wọn sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í tú kúrò lára egungun. Àìsàn yìí ni wọ́n ń pè ní laminitis.

Bí ti Barbaro, ẹṣin eré ìje kan, ṣe rí nìyẹn ní Amẹ́ríkà. Oṣù Karùn-ún ọdún 2006 ló gba ipò kìíní nínú eré ìje Kentucky Derby. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, nínú eré Preakness ní Baltimore, egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lẹ́yìn fọ́ yángá. Orí pápá ni wọ́n ti sábà ń fún irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ní abẹ́rẹ́ ikú. Ṣùgbọ́n Roy àti Gretchen Jackson tó ni ín ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, Dókítà Dean Richardson sì fi irin pẹlẹbẹ àti ìṣó 27 to egungun náà pọ̀. Nígbà tó di oṣù Keje, laminitis mú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí àìsàn náà dé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, kò sí èyí tó lè fi dúró láìjẹ̀rora mọ́. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ikú ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2007.

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹṣin kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ó lè máa jẹun nínú ìrora, olówó rẹ̀ á sì rò pé ara ti ń yá. Ẹni tó ní kí wọ́n pa á lónìí á máa ro bóyá ọ̀la ì bá sàn. Ẹni tó dúró dọ̀la á máa ro pé òun fìyà jẹ ẹ́ lásán. Ọkàn lè fúyẹ́ nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, kí ojú sì ti ẹni náà pé ó fúyẹ́.

Ìbéèrè tó lè ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò pọ̀. Ǹjẹ́ ẹṣin náà ṣì lè dúró, kó dùbúlẹ̀, kó sì dá dìde? Ǹjẹ́ oògùn ṣì ń ká ìrora rẹ̀? Ta ni ìdúró náà ń ṣe láǹfààní, ẹṣin ni, àbí ẹni tí kò fẹ́ pàdánù rẹ̀? Níwọ̀n ìgbà tí ìdáhùn bá ṣì gbe ẹṣin, ìtọ́jú tọ́, bó ti wù kó pẹ́ tó. Bí kò bá gbè é mọ́, abẹ́rẹ́ náà di apá ìkẹyìn nínú ìtọ́jú.