Ọkọ̀ Ojú Irin Kékeré ní Long Wittenham

Nígbà tí a wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Pendon ní abúlé Long Wittenham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni a fẹ́ wò. Àṣé iṣẹ́ àgbà ni! Ọ̀gbẹ́ni Roye England, ọmọ Ọsirélíà, rí i pé àwọn abúlé àtijọ́ ibẹ̀ ń parẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwòṣe wọn. Ohun tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 76 di ẹsẹ̀ kan péré.

Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá, èéfín àti ìpẹtà lára rẹ̀. Ọ̀dà ni o!

Ọmọ wa bèèrè pé, “Dádì, kí ló dé tí wọ́n fi sọ ọ́ di ìdọ̀tí?”

“Èyí tó ń jó èédú, ṣé ó lè mọ́ ni?”

Ó tún tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a pè é kí ó tó tẹ̀lé wa.