Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: Rọ́bà èémí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé

Nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo ń ṣe, ohun tó máa ń já àwọn ìyá àgbà láyà jù ni kí wọ́n rí rọ́bà lẹ́nu ọmọ tuntun. Wọn a ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ọ̀fun ọmọ yìí gba nǹkan báyìí?" Ìbéèrè gidi ni.

Ọmọ tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37 ni oṣù rẹ̀ kò pé. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè má tíì gbó tó láti máa mí fúnra rẹ̀. Báàgì tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀, tó ní ìbòmú, ni wọ́n sábà kọ́kọ́ ń lò. Ìbòmú náà gbọ́dọ̀ bo imú àti ẹnu, kò gbọdọ̀ dé ojú. Bí ìyẹn kò bá tó ni wọ́n á ki rọ́bà bọ ọ̀nà èémí.

Ọmọ tí kò tó kílò 1, rọ́bà tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2.5 ni tirẹ̀. Ti ọmọ kílò 1 sí 2 jẹ́ 3.0, ti ẹni tó ju kílò 2 lọ jẹ́ 3.5. Ìdajì mìlímítà péré ló wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n èyí tó tóbi jù lè dá egbò sí ọ̀nà èémí, èyí tó kéré jù á sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa jò. Bó bá wọlé jù, ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo ni afẹ́fẹ́ á máa dé. Ẹ má sì bẹ̀rù bí ẹ kò bá gbọ́ igbe ọmọ náà: rọ́bà yẹn gba ibi tí ohùn ń gbà jáde ni.

Kí ló wá kàn yín níbẹ̀? A kì í gbé ọmọ inú oyún sórí òṣùwọ̀n. Iye ọ̀sẹ̀ oyún ni wọ́n fi ń mọ irinṣẹ́ tí wọn yóò tò sílẹ̀ kí ọmọ tó dé. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí nǹkan oṣù kẹ́yìn sílẹ̀, ẹ tètè ṣe síkáànù, ẹ má sì fi káàdì oyún sílé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ béèrè pé: "Ṣé ẹ ní irinṣẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé? Bí ẹ kò bá ní, ibo lẹ máa ń gbé wọn lọ?" Ẹ̀yin ìyá àgbà, bí ìrọbí bá dé láìtọ́jọ́, ẹ má ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ẹ gbéra.

Elédùmarè yóò dá àwọn ọmọ wa sí o.