Omi Táńkì Mi Di Ọbẹ̀ Ewédú

Nígbà tí ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, mo rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la máa lò nílé. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ lọ́dún náà ò ní gbàgbé: oṣù mẹ́jọ gbáko ni. Igbókòdá ni ilé wa, létí omi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Ẹja gbígbẹ ni màmá mi ń tà. Nígbà tí wọ́n rí i pé mo kàn ń jẹ, mo sì ń sùn, wọ́n kó owó àjọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lé mi lọ́wọ́ pé kí n fi sin ẹja.

Àwọn ará àdúgbò fi mí rẹ́rìn-ín. Ta ló ń sin ẹja nínú táńkì nílùú tí omi yí ká? Ṣùgbọ́n àwọn náà mọ̀ pé epo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ti gbówó lórí, àti pé ẹja tí wọ́n ń kó bọ̀ láti òkun kò tó ti àtijọ́ mọ́. Mo ra táńkì oníke funfun kan tó ń gba 1,000 lítà, irú èyí tí irin yí ká. Mo ní kí wọ́n bá mi gé orí rẹ̀, mo sì da ọmọ àrọ̀ 100 sínú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, omi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Lákọ̀ọ́kọ́, ó dà bí omi tí a fi fọ ewúro. Kí oṣù tó parí, ó ti di ọbẹ̀ ewédú. Ara táńkì ń yọ̀, n kò sì rí ẹja kankan mọ́ àfi tí ẹnu wọn bá yọ lókè.

Kí n sọ òótọ́, àrọ̀ kì í ṣe ẹja onímọ̀ọ́tótó. Wọ́n á tú oúnjẹ ká, ibi tí wọ́n ti ń jẹ náà ni wọ́n á ṣu sí, bí wọ́n sì ṣe ń tóbi ni ìdọ̀tí wọn ń pọ̀ sí i. Èmi náà tún dá kún un. Nígbà tí oúnjẹ ẹja wọ́n, ìfun ẹja láti ìsọ̀ màmá mi ni mò ń dà fún wọn láàárọ̀ àti lálẹ́.

Gbogbo Sátidé ni mò ń gbọ́n omi náà dànù tán, tí mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha ara táńkì títí á fi funfun. Kí Ọjọ́bọ̀ tó dé, ewédú ti padà. Ní Sátidé kan, inú bí mi. Mo da bíliìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun sí i, mo fọ̀ ọ́, mo ṣàn án lẹ́ẹ̀kan péré, mo pọn omi kànga kún un, mo sì kó ẹja padà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àrọ̀ 23 ti yí ikùn sókè. Màmá mi dúró lẹ́bàá táńkì, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n mú ọkọ́, wọ́n lọ gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n sì sin wọ́n. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ, torí mo mọ bó ti pẹ́ tó tí wọ́n fi dá àjọ náà.

Bàbá àgbà kan ládùúgbò wa, tó fi gbogbo ayé wọn pẹja, ló la ojú mi. Wọ́n ní, "Odò tó wà lọ́hùn-ún yẹn, ta ló ń bá a ha ara rẹ̀? Ẹja inú rẹ̀ kì í ṣu ni?"

Mo lọ wo odò náà dáadáa. Omi rẹ̀ dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, nítorí ewé àti gbòǹgbò tó ń rẹ sínú rẹ̀, kò sì sí bí oòrùn ṣe lè wọ inú rẹ̀ jìnnà. Ibi tí ojú oró bò, òkùnkùn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Omi ń lọ, omi ń bọ̀, ẹja kò sì há mọ́ ibì kan. Táńkì tèmi ńkọ́? Oníke funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń gba ara rẹ̀ wọlé, nínú oòrùn gangan, tí ẹja kún bámúbámú.

Akáúńtì ni mò ń kà, nítorí náà mo pe ọ̀rẹ́ mi tó ń ka Fisheries. Ó ṣàlàyé pé ohun méjì ni algae, ìyẹn ohun aláwọ̀ ewé náà, ń jẹ: ìmọ́lẹ̀ àti ìdọ̀tí. Oúnjẹ tó ṣẹ́ kù àti ìgbẹ́ ẹja ni ajílẹ̀ rẹ̀. Lọ́sàn-án ó ń pèsè ọ́síjìn, ṣùgbọ́n lóru òun náà ń mí, ó sì ń bá ẹja du ọ́síjìn yẹn. Àrọ̀ lè yọ sókè wá mí afẹ́fẹ́, òun ni kò jẹ́ kí tèmi tètè kú. Ó ní àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tún ń gbé lára táńkì, tí wọ́n ń sọ amóníà, májèlé tó ń ti ara ẹja jáde, di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Àwọn yẹn ni mò ń ha dànù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bíliìṣì sì wá pa ìyókù pẹ̀lú ẹja.

Ọ̀rọ̀ akáúńtì ni mo gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tó wọlé pọ̀ ju ohun tó ń jáde lọ, ewédú ni àṣẹ́kù. Àṣẹ́kù ni mò ń bá jà, n kò wo ohun tó ń wọlé.

Mo fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà sórí táńkì, mo sì fi tapólì dúdú yí ara rẹ̀ ká. Mo jáwọ́ nínú ìfun ẹja. Oúnjẹ tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mò ń fún wọn, bí ó bá ṣẹ́ kù, mo dín ti ọjọ́ kejì kù. Ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, mò ń fi ọ̀pá fa ìdá kan nínú mẹ́ta omi láti ìsàlẹ̀, níbi tí ìdọ̀tí ń sùn sí. Màmá mi gbin tẹ̀tẹ̀ sínú ọkọ̀ àtijọ́ kan tó ti fọ́, tí wọ́n rọ erùpẹ̀ kún. Omi ẹja yẹn ni a ń bu sí i, ẹ̀fọ́ náà sì ṣe dáadáa. Mo fẹ́ kó ojú oró wá bo omi, ṣùgbọ́n bàbá àgbà ní bí n kò bá ní máa kó o kúrò, yóò jẹrà síbẹ̀, yóò sì di ìdọ̀tí mìíràn.

Ewédú kò tán pátápátá. Ó ṣì wà lára táńkì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo sì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń rí ẹja mi.

Nígbà tí wọ́n dá ìyanṣẹ́lódì dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, àrọ̀ 74 ni mo ti tà. Owó àjọ padà, èrè kò tó nǹkan. Màmá mi ló ń sìn ín báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi wọ́n lórí fóònù bí omi ṣe rí.

Wọ́n ní, "Ó fẹ́ máa ṣe bí ewé díẹ̀."

Mo ní, "Ẹ máa ha á o?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ha kí ni? Mo ti dín oúnjẹ wọn kù."