Ẹ má ì tíì tà á

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wa Corolla ọdún 2005, ẹ rọra o. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ti jọ̀wọ́ okùn náírà sílẹ̀, owó ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti fò kọjá agbára òṣìṣẹ́ oṣù. Bí jíà bá ń ta gìjì tí ẹ bá ti fi í sí D, Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Mushin, ni kí ẹ gbà lọ ra òmíràn. Ẹ má dá lọ ṣá, àwọn ará ibẹ̀ mọ ojú àlejò. Kí mẹkáníìkì yín wo ọ́ìlì tó ṣẹ́ kù nínú jíà tí wọ́n bá gbé wá: bó bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Àwọn oníṣòwò tó ní kí ẹ mú ti yín wá, kí ẹ fowó lé e gba òmíràn? Wọ́n á kọ́kọ́ bu ọkọ̀ yín kù ni. Bó bá di dandan kí ẹ tà á, ẹ kúkú tà á fúnra yín.

Irin abẹ́ ọkọ̀ tó ti dípẹtà nìkan ni mi ò lè bá yín gbèjà. Ìyẹn, ẹ tà á, ẹ sì sọ òótọ́ fún ẹni tó fẹ́ rà á.