Ètò Ilé-Ìwé Peckham Lójú Ẹni Tó Ń Kọ́ni Níbẹ̀

Kí ó tó di 1870, ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ẹlẹ́yinjú àánú ni ẹ̀kọ́ ọmọ tálákà wà ní Peckham. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún náà ló dá Ìgbìmọ̀ Ilé-Ìwé London sílẹ̀, ìgbìmọ̀ yìí ló sì kọ́ àwọn ilé bíríkì gíga tó ṣì dúró káàkiri gúúsù London. Lára òmíràn nínú wọn, ẹni tó bá gbójú sókè yóò rí «Boys», «Girls» àti «Infants» tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta lórí ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ọkùnrin àti obìnrin kì í bá ara wọn wọlé. Lónìí, géètì kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Bí aago bá ti lù, a ó tì í, ẹni tó pẹ́ sì di ti akọ̀wé.

Àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá púpọ̀. London County Council gbà wọ́n ní 1904. Ní 1965 ó kan ILEA, àjọ ẹ̀kọ́ àárín gbùngbùn London. Nígbà tí ìjọba tú ILEA ká ní 1990, kánsù Southwark, tí Peckham wà lábẹ́ rẹ̀, gba ẹrù náà. Lẹ́yìn ọdún 2000 ni ákádẹ́mì dé: ọwọ́ ìjọba UK ni owó wọn ti ń wá tààrà, àjọ tó ń darí wọn ló sì ń gba tíṣà síṣẹ́, bí àjọ Harris ti ń ṣe ní Harris Academy Peckham. Tíṣà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1985 lè ti sin ọ̀gá mẹ́ta láì kúrò nínú kíláàsì kan.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yí padà. Ní 1987, òfin gba pàṣán lọ́wọ́ tíṣà ilé-ìwé ìjọba. Òfin 1988 la ohun tí gbogbo ilé-ìwé ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ sílẹ̀; tẹ́lẹ̀, kálukú ló ń pinnu tirẹ̀. Ní 1992 ni òfin dá Ofsted sílẹ̀. Àwọn alábẹ̀wò rẹ̀ a máa jókòó sẹ́yìn kíláàsì, wọn a máa kọ ohun tí wọ́n rí, òbí gbogbo sì lè ka ìjábọ̀ wọn.

Ilé-ìwé ìjọba kì í gba owó. Ọ̀dọ̀ kánsù ni òbí ti ń kọ orúkọ ilé-ìwé, ó sì lè kọ mẹ́fà. Ti sẹ́kọ́ńdírì ń parí ní 31 oṣù kẹwàá, èsì a dé ní nǹkan bí 1 oṣù kẹta. Ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń parí ní 15 oṣù kìíní, èsì a dé ní nǹkan bí 16 oṣù kẹrin. Ilé-ìwé kì í mọ ipò tí òbí fi òun sí. Ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú kánsù ló ń ṣíwájú. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níbẹ̀ ló kàn, kí ó tó kan ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló sábà ń wọn ìyẹn, ìlà gbọọrọ láti ilé dé ilé-ìwé, láì ka ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà sí. Ilé-ìwé Kátólíìkì tún ń bèèrè ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi.

Southwark kò ní ilé-ìwé ìjọba tó ń fi ìdánwò ṣa gbogbo ọmọ rẹ̀. St Olave's, ilé-ìwé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, tó wà níbẹ̀ láti 1571, kó lọ sí Orpington ní 1968. Ìdí nìyí tí àwọn òbí Yorùbá kan fi ń gbé ọmọ lọ ṣèdánwò ní Bexley tàbí Sutton, lẹ́yìn lẹ́sìnnì ọjọ́ Sátidé.

Ti aládàáni kò jìnnà: Dulwich College, Alleyn's àti James Allen's Girls' School wà nítòsí. Edward Alleyn dá Dulwich College sílẹ̀ ní 1619 fún ọmọ tálákà méjìlá, Camberwell tí Peckham wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń mú wọn. Lónìí owó gọbọi ni, owó-orí VAT ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún sì ti gorí rẹ̀ láti 1 oṣù kìíní 2025. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó lè bèèrè ìrànwọ́ bó bá yege ìdánwò.

Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣílẹ̀kùn ilé-ìwé London. Kí òbí ka ìlànà ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ó sì fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé.